Ẹkún Tí A Kò Jẹ́ Kí Ìyá Sun

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún ìbílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí ń bú òrìṣà. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Ó dá lórí àwọn ìyá tí ojú wọn rí màbo nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, àti ohun tí ìrírí náà ń ṣe fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí.

Àwa tí a gbà pé Babátúndé lè padà wá, tí a mọ̀ pé Yétúndé kì í ṣe orúkọ lásán, kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti gbà pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìran kan lè yọjú nínú ìran kejì. Ṣùgbọ́n ire nìkan ni a máa ń kà. A ó ní ọmọ yìí jọ bàbá bàbá rẹ̀ ní ìrìn, a ó ní ohùn ìyá ìyá rẹ̀ ni ó gbé wá sáyé. A kì í sọ pé ẹ̀rù ìyá ìyá rẹ̀ ni ó jogún. Èrò mi ni pé ọgbẹ́ tí ìyá gbà ní èwe kì í parẹ́ nítorí pé ó ti dàgbà, ó ti lọ́kọ, ó sì ti bímọ. Yóò máa wá ọ̀nà dé ara ọmọ títí ẹnì kan yóò fi gbọ́ ẹkún ìyá náà. Àwọn baba ńlá wa ní àyè fún irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Àwa ni a sọ àyè náà nù, bí a tilẹ̀ ń pariwo pé a ń jí àṣà dìde.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a wà. Ọ̀yọ́ tí a ń gbé lónìí kì í ṣe Ọ̀yọ́ Ilé. Lẹ́yìn tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká ní nǹkan bí ọdún 1835, Àtìbà tẹ ìlú tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, ó sì kó ènìyàn láti oríṣìíríṣìí ìlú wá kún un. Ògbómọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀ kò fọ́. Nítorí náà ni àwọn tí ìlú wọn ti tú fi rọ́ wọ inú rẹ̀, tí ó sì fi di ìlú ńlá. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921, yóò rí orúkọ àwọn ìlú tí ó parun, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí orúkọ òkú. A máa ń fi ìtẹ̀dó yìí yangàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti rò ó pé àwọn ọmọdébìnrin tí wọ́n sá wọ inú odi Ògbómọ̀ṣọ́, tí iná ilé bàbá wọn ṣì wà ní ojú wọn, ni wọ́n dàgbà tí wọ́n di ìyá ńlá wa? Ta ni ó tọ́ wọn? Báwo ni àwọn náà ṣe tọ́ ọmọ?

Àjàyí Crowther kọ ìtàn bí a ṣe kó Òṣogùn, ní apá Ìṣẹ́yìn, ní ọdún 1821. Kí ẹnikẹ́ni má fi ti pé ó di bíṣọ́ọ̀bù kọ ìtàn náà. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, ojú ara rẹ̀ ni ó sì fi rí i. Ó ṣàpèjúwe bí àwọn obìnrin ṣe ń sá wọ igbó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lórí, tí okùn sì ń bọ́ sí wọn lọ́rùn. Àbúrò rẹ̀ kan tí a mú pẹ̀lú wọn jẹ́ ọmọ nǹkan bí oṣù mẹ́wàá. Ó tó ọdún 25 kí òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn, ní Abẹ́òkúta, ní 1846. Ó kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọdébìnrin tí okùn kan náà mú kò rí ẹni tí wọn yóò sọ tiwọn fún.

Bí ìyẹn bá jìnnà jù, ẹ jẹ́ kí a wá sí èyí tí àwọn tí ó ṣojú wọn ṣì wà láàyè. Ẹni tí ó bá mọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé ìlú àwọn oníṣòwò ọ̀nà jíjìn ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ọ̀fà àti Ìlọrin fi ń lọ tajà ní Gáná, láti Kumasi títí dé Tamale ní apá àríwá. Wọ́n tà láti orí àtẹ dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ sí ibẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n jáde. Àwọn tí ó ti lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀ ta ọjà wọn ní ẹ̀dínwó, wọ́n fi gbèsè tí a jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì gbé ọmọ sórí ọkọ̀. (Àwa náà ṣe é fún àwọn ẹlòmíràn ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fún àwọn ará Gáná ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò. Orúkọ àpò Gáná-mọ́sìgò tí ó kù sí ẹnu wa jẹ́ orúkọ ìbànújẹ́ ọmọ ẹlòmíràn.)

Ìyá mi wà lára àwọn ọmọ 1969 náà. Tamale ni a ti bí wọn; wọn kò tíì fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Ọmọ ọdún méje ni wọ́n. Ní ọjọ́ kan, ilé wà, ṣọ́ọ̀bù wà, adìẹ ìyá wọn wà ní ẹ̀yìnkùlé. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, wọ́n wà lórí ọkọ̀ akẹ́rù láàárín ẹrù àwọn ẹlòmíràn, ọkọ̀ ń gba Tógò àti Dàhómì kọjá. Nígbà tí wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́, agbo ilé kò gba gbogbo ọmọ. A pín wọn. Ọ̀yọ́ ni a mú ìyá mi wá, sí ọ̀dọ̀ ìbátan kan tí ń ta ẹ̀kọ. Wọ́n di ọmọ tí ń jí kí àkùkọ tó kọ láti sẹ́ ògì, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní “ọmọ Gáná” nítorí pé Haúsá ti wọ inú Yorùbá wọn. Ìbátan náà kò ṣìkà; bí a ṣe ń tọ́ ọmọ tí a gbà tọ́ nígbà náà ni ó ṣe tọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni tí ó bi wọ́n pé kí ni ojú wọn rí.

Nígbà tí ìyá mi wá di ìyá, wọ́n bọ́ wa, wọ́n rán wa ní ilé ẹ̀kọ́, wọn kò sì jẹ́ kí ìwọ̀sí kàn wá. Ṣùgbọ́n ẹrù kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, aṣọ mẹ́ta àti àwo méjì tí a dì pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Wọn kì í gbé àwòrán kọ́ sára ògiri. Lálẹ́, wọn á fi tọ́ọ̀ṣì kà wá lórí ẹní, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Wọn á tún padà wá kà wá lóru. Bí ọmọ bá pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, pàṣán ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Èyí tí ó le jù lọ ni ẹkún. Ìyá mi kò lè fara da ẹkún ọmọ. Bí a bá ti bú sẹ́kún, ojú wọn á yí padà, wọn á ní kí a pa ẹnu mọ́, wọn á sì nà wá títí ẹnu yóò fi pa mọ́ ní tòótọ́. A kọ́ bí a ṣe ń sunkún láìdún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin di ìyá kejì ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Òun ni ó ń rẹ̀ wá lẹ́kún nínú òkùnkùn. Èmi di ẹni tí ń ka ìró bàtà: láti bí ó ṣe ń dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti ń mọ irú alẹ́ tí a ó sùn. Àbúrò mi ọkùnrin ti di bàbá ọmọ báyìí, òun náà kì í sì í fẹ́ gbọ́ ẹkún. Ọmọ rẹ̀ kò mọ ibi tí Tamale wà.

Ìyá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí n tó mọ ìdí ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe èmi ni mo bi wọ́n. Ìyá àgbà kan ní Ọ̀yọ́, ọlọ́ṣun, ni a lọ kí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ, tí ọ̀rọ̀ sì kan Gáná, ìyá àgbà náà pe ìyá mi ní oríkì, ó ní: “Àbẹ̀kẹ́, nígbà tí ẹ dé nígbà náà, ta ni ó rẹ̀ ọ́ lẹ́kún?” Ìyá mi ní: “Kò sí, Ìyá.” Kò tíì parí ọ̀rọ̀ náà tí ẹkún fi gbà á lẹ́nu wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá àgbà náà kò wàásù, kò sì sọ pé ó ti kọjá, kí wọ́n gbàgbé. Ó kàn ń dáhùn pé “hẹn, ọmọ mi”, ó sì ń nu ojú wọn. N kò ní purọ́ fún yín pé ìyá mi di ẹlòmíràn láti ọjọ́ náà. Wọ́n ṣì ń ka àwọn ọmọ-ọmọ wọn lálẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń ké nílé báyìí, wọ́n lè gbé e.

Ohun tí ìyá àgbà náà ṣe láìka ìwé, àwọn kan ti fi ìwé ṣàlàyé rẹ̀. Ní 1975, Selma Fraiberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Edna Adelson àti Vivian Shapiro, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Michigan ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa àwọn ìyá tí ìgbà èwe wọn ń da ọmọ títọ́ rú mọ́ wọn lójú. Wọ́n ní ìwin kan wà tí ń wọ iyàrá ọmọ: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òbí nígbà kan rí, tí òbí fúnra rẹ̀ kò fẹ́ rántí mọ́. Àwa tí a mọ egúngún kò ní rẹ́rìn-ín sí irú èdè bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ nípa ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń ké tẹnu-tẹnu nínú iyàrá kan náà, tí ìyá náà kò sì ṣe bí ẹni tí ó gbọ́. Wọn kò fi ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń gbé ọmọ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní kékeré, títí òun náà fi sunkún. Ìgbà náà ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀, tí ó sì ń gbé e mọ́ra.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ wọn ni èyí: kì í ṣe gbogbo ẹni tí a fìyà jẹ ní ń fìyà jẹ ọmọ. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú ewu ni ẹni tí ó lè sọ pé “wọ́n máa ń nà mí”, tí yóò sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, nítorí pé ó rántí ìnà ṣùgbọ́n ó ti ti ìrora rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó rántí ìrora náà, tí ó sì ti rí ẹni bá a gbé e, kì í fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ tirẹ̀. Ó yé mi dáadáa. Ara ọmọ tí ó ti mọ ẹ̀rù a máa wà lójúfò títí ọjọ́ alẹ́. Bí ọmọ ọwọ́ bá ké, etí ìyá náà kò gbọ́ ebi tàbí oorun. Ewu ni ó gbọ́. Bóyá yóò pa etí rẹ̀ dé, bóyá yóò na ọwọ́ síta. Ọmọ ní tirẹ̀, ojú ìyá ni ó fi ń mọ ayé. Bí ẹ̀rù bá wà ní ojú náà ní gbogbo ìgbà, ọmọ yóò gbà pé ohun tí a ń bẹ̀rù wà nítòsí.

Àwọn dókítà náà ti ka ti wọn. Ní 1998, Vincent Felitti àti Robert Anda tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí wọ́n ti bi àwọn àgbàlagbà léèrè nípa ìyà ìgbà èwe, nínà, ìfipábánilòpọ̀, ìyá tí a ń lù nínú ilé, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n rí i pé ẹni tí irú ìyà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti bá, ewu ọtí àmujù, oògùn olóró, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìgbìyànjú láti pa ara ẹni ń di ìlọ́po mẹ́rin sí méjìlá fún un. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, ìwádìí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ṣe ní 2014 pẹ̀lú UNICEF fi hàn pé nǹkan bí ọmọ 6 nínú 10 ni ìwà ipá kan tàbí òmíràn ti bá kí ó tó pé ọmọ ọdún 18, àti pé ọmọbìnrin 1 nínú 4 ni ó ti rí ìwà ipá tí ó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀. Àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn ti ń di ìyá báyìí. Àwọn ni wọ́n ń gbé ọmọ wá bá babaláwo fún ìkọsẹ̀dáyé.

Mo mọ èsì tí yóò kọ́kọ́ jáde. Àwọn kan yóò ní: ṣé àwọn ìyá wa kò jìyà ni? Ṣé wọn kò rí ogun, ìyàn àti ikú ọmọ? Ṣé wọn kò sì tọ́ wa, tí a gbọ́n, tí a yè? Ọ̀rọ̀ nípa ọgbẹ́ ọkàn, ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ rí lọ́nà kan: ìyá mi jẹ́ akíkanjú obìnrin, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe àánú lásán. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ pé a yè kò ka àwọn tí kò yè. Wọn kò ka ẹni tí ó sá kúrò nílé tí kò padà, ẹni tí ń lu ìyàwó, ẹni tí kò lè sùn lálẹ́ tí ilẹ̀kùn kò bá ní àgádágodo méjì. Àti pé tí a bá wo inú àṣà dáadáa, a ó rí i pé àwọn àgbà mọ̀ nípa ọgbẹ́ yìí kí òyìnbó tó dé.

Ẹ wo orúkọ. Rẹ̀mílẹ́kún. Ẹkúndayọ̀. Málọmọ́. Dúrósinmi. Kúkọ̀yí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìròyìn nípa ìyá kí ó tó jẹ́ orúkọ ọmọ. Ẹni tí ó sọ ọmọ ní Rẹ̀mílẹ́kún ti jẹ́wọ́ ní gbangba, ní ọjọ́ kẹjọ, pé òun ń sunkún kí ọmọ yìí tó dé. Gbogbo agbo ilé gbọ́ ọ. Orúkọ tí ó dára ni. Mo ní ẹ̀gbọ́n tí ó ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀: ọmọ tí kò tíì lè di orí ara rẹ̀ mú ni a ti gbé ẹkún ìyá lé lọ́wọ́. Nígbà tí agbo ilé wà, tí ìyá ọkọ, orogún àti àwọn obìnrin ilé wà níbẹ̀ láti bá a gbé e, ẹrù náà kò pọ̀ jù fún ọmọ. Nínú yàrá kan tí ìyá àti ọmọ nìkan ń gbé ní Ìbàdàn, Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ náà nìkan ni ó kù tí yóò máa rẹ ìyá rẹ̀ lẹ́kún.

Ẹ tún wo ẹkún ìyàwó, tí ó jẹ́ ohun ìní àwa ará Ọ̀yọ́ ní pàtàkì, ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìṣẹ́yìn àti àgbègbè wọn. Kí ọmọbìnrin tó lọ sí ilé ọkọ, ó ní ọjọ́ tí ó jẹ́ tirẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa lọ láti ilé dé ilé, yóò máa sun ẹkún náà ní ohùn ewì, yóò ki bàbá, yóò ki ìyá, yóò dúpẹ́, yóò sì sọ ohun tí ń bà á lẹ́rù: ilé ọkọ tí kò mọ̀, ẹnu orogún, àìríbí. Bí ó bá ní ẹ̀dùn sí ẹni tí ó tọ́ ọ, ewì gbà á láyè láti gbé e gba ẹ̀gbẹ́ kan sọ. Ojúṣe àwọn àgbà ni láti jókòó gbọ́. Wọn kì í ní kí ó pa ẹnu mọ́. Wọ́n á súre fún un, wọ́n á fún un ní ẹ̀bùn, àwọn náà á sì sunkún. Ẹ rò ó wò: kí obìnrin tó di ìyá, ìlú ti yan ọjọ́ kan tí yóò fi ké, tí a ó sì gbọ́ ọ. N kò sọ pé ẹkún ìyàwó wo gbogbo ọgbẹ́ sàn. Ó dá mi lójú pé ọmọbìnrin mìíràn wà tí a fi ipá fún ọkọ, tí ewì rẹ̀ kò sì yí ọkàn ẹnikẹ́ni padà. Àyè náà wà ṣá o.

Lónìí, alága ìdúró àti alága ìjókòó ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ níbi ìdána. Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Bí omijé bá bọ́, ẹni tí ó kùn ún lójú yóò sáré wá nù ún kí ó má ba àwòrán jẹ́. Àwa onísẹ̀ṣe ń gbé ẹkún ìyàwó lọ sórí ìtàgé ní ọjọ́ àjọ̀dún, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n há a sórí ń kì í, a ń pàtẹ́wọ́. Mo máa ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ohùn nìkan ni a jí dìde. A kò jí etí dìde.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa gan-an, n kò sì ní fò ó. Bí ìyá kan bá ń le mọ́ ọmọ, tí ọmọ sì ń sá fún un, kí ni a máa ń sọ? Èkíní, a ó ní orí rẹ̀ ni ó yàn án bẹ́ẹ̀. Èmi gbà pé ènìyàn yan orí. Ṣùgbọ́n a kì í fi orí yíyàn mú olè lọ́fẹ̀ẹ́, a kì í sì í fi sọ pé kí aláìsàn má lo oògùn. Kí ni ìdí tí a fi ń fi í pa ẹnu obìnrin tí a fìyà jẹ ní kékeré mọ́? Èkejì, bí obìnrin náà bá dàgbà tí kò sì sí ọmọ tí ń wá kí i, a ó bẹ̀rẹ̀ sí ní àjẹ́ ni. Mo ti rí i ní àdúgbò wa ní Ọ̀yọ́: ìyá àgbà kan tí ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọdé ń sá kọjá ní iwájú ilé rẹ̀. Àwọn tí ó mọ ìtàn rẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, láti ilé kan dé òmíràn, kò sì mọ ibi tí ìyá tirẹ̀ kú sí. Ọgọ́rin ọdún ni ó fi gbé e. Nígbà tí ó yá, a fún un ní orúkọ àjẹ́ láti fi parí rẹ̀.

Àwọn ọgbẹ́ kan sì ti ọwọ́ wa wá. Ọmọ tí a kọ lára nítorí pé a ní àbíkú ni, tí ó gbé àpá náà wọ ilé ìyàwó. Ọmọbìnrin tí olóólà dá abẹ́ fún, nígbà tí àwọn obìnrin tí ó fẹ́ràn jù lọ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Òfin àpapọ̀ ti ka dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin sí ẹ̀ṣẹ̀ láti 2015, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń fi orúkọ àṣà gbè é lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn ará àtijọ́ ṣe ni Ìṣẹ̀ṣe. Bí a bá fẹ́ kí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn ojúbọ, kí a má ṣe jẹ́ kí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n rántí nípa àṣà jẹ́ ọ̀bẹ.

Kí wá ni ṣíṣe? Èmi kò dá ẹ̀sìn tuntun sílẹ̀. Ìkọsẹ̀dáyé tí a ń ṣe fún ọmọ tuntun ti tó. A ń gbé ọmọ síwájú Ifá, a ń béèrè ọ̀nà rẹ̀, èèwọ̀ rẹ̀, òrìṣà tí yóò bọ. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi ọmú ń rin aṣọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi í ní ohun kan ju iye ẹyẹlé tí ó mú wá lọ. Mo ń bẹ àwọn babaláwo, ìyánífá àti àwọn ìyá olórìṣà: kí ẹ tó tú ìjókòó náà ká, ẹ jẹ́ kí obìnrin àgbà kan mú ìyá ọmọ wọ inú ilé, kí ó sì bi í bí a ṣe tọ́ òun náà. Ẹ má ṣe bi í níwájú ọkọ àti àna. Kí ó má jẹ́ ìbéèrè ẹlẹ́jọ́. Bí ó bá ní kò sí nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ tún bi í nígbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́ta. Ohun tí ó bá sọ, kí ó kú sí inú yàrá náà. Awo tí kò lè pa àṣírí obìnrin mọ́, mo bẹ̀ ẹ́, kí ó má bẹ̀rẹ̀ rárá. Kí a sì bi àwọn bàbá náà. Nítorí mo ti kíyè sí i pé nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọgbẹ́ inú ilé, orí ìyá nìkan ni a máa ń kó gbogbo rẹ̀ lé.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá ju agbára wa lọ, kò sí àbùkù nínú kí a mú un dé ilé ìwòsàn. Adéoyè Lámbò fi ọ̀nà hàn ní Aró, ní Abẹ́òkúta, láti 1954: ó jẹ́ kí àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé bí wọn yóò ṣe ran aboyún tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ni ara sì tù. Wọn kì í ṣe dókítà ọpọlọ. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni wọ́n. Ẹni tí ó ti mọ bí a ṣe ń dá Ifá, tí ó mọ bí a ṣe ń dúró kí ẹni tí ó wá sọ ohun tí ó gbé e wá, ó ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Àwọn obìnrin kan ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n sun ẹkún ìyàwó ní ọjọ́ ìgbéyàwó tiwọn. Wọn kò pọ̀ mọ́, àwọn tí mo mọ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kí ó tó di Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan obìnrin méjì tàbí mẹ́ta láti lọ bá wọn jókòó. Kí wọ́n kọ́ ohùn náà, bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà kí wọ́n bi ìyá kọ̀ọ̀kan pé kí ni ó sọ ní ọjọ́ náà, àti pé kí ni ó fẹ́ sọ tí kò lè sọ. Kí wọ́n mú omi àti obì dání. Kí wọ́n fi kámẹ́rà sílé.